Màmá mi fẹ́ rí Róòmù, ọjọ́ márùn-ún péré la ní

ỌmọOlúyọ̀lé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí wa ní Manchester lóṣù karùn-ún, wọ́n sì ti sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ò ní padà sílé láì dé Róòmù. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wọ́n. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1982, wọ́n wà láàárín èrò, àmọ́ gbogbo ohun tí wọ́n rí ò ju aṣọ funfun kan tó ń kọjá lọ lọ́ọ̀ọ́kán. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tó bá kíni là á kí padà.

Ní tèmi, àwòrán àti ìtàn ni mo fẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14, bọ́ọ̀lù àti oúnjẹ ló mọ̀. Màmá ti pé ẹni ọdún 69, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kì í sì í jẹ ohun tí kò bá ta lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀? Kí la lè fò tá ò ní kábàámọ̀?

BàbáÌwé

Kẹ́ ẹ tó dórí àwòrán, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ físà. Físà ìlú ọba tí Màmá gbà kò lè gbé wọn wọ Ítálì. Ọ̀tọ̀ ni físà Schengen, ibi téèyàn ń gbé ló sì ti ń béèrè fún un. Nàìjíríà ni kí Màmá ti gbà á kí wọ́n tó wọ bàálù rárá. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan dé London tán kó tó rántí, ó sáré sókè sáré sódò, wọ́n ní kó padà sí ìlú ẹ̀ lọ béèrè.

Yúrò 90 ni fún àgbàlagbà, yàtọ̀ sí owó àwọn tó ń bá wọn gba fọ́ọ̀mù. Ìńṣọ́ránsì ìrìnàjò tó máa gbé yúrò 30,000 dúró jẹ́ dandan. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, ẹ má sì dúró títí dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tún wo físà ìlú ọba Màmá dáadáa, bóyá ó gba kí wọ́n jáde kí wọ́n tún padà wọlé. Ó tán lẹ́nu mi.

ÌyáÌbejì_Róòmù

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ọdún kẹtàlélógún mi rèé nílùú yìí, mo ti mú àlejò kiri títí ó fi sú mi, ó sì tún ń wù mí.

Ẹ má gbé Màmá lọ Vatican lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àárẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú á wà lára wọn, ìlà gígùn á sì pa wọ́n kú. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Santa Maria Maggiore ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn ín láti ibùdókọ̀ ojú irin Termini, kò sì sí owó ìwọlé. Ẹ gbójú sókè: àwọn òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère tí wọ́n tò di ìtàn Bíbélì lára ògiri yẹn ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún karùn-ún. Ibẹ̀ náà ni Póòpù Francis sùn sí láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Òkúta pẹlẹbẹ kan ni, FRANCISCUS nìkan ni wọ́n kọ sí i. Àwọn màmá wa máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á ní ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?

Tó bá jẹ́ pé Póòpù tó wà lórí oyè fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ rí, ọjọ́ Wẹ́sìdé ni Póòpù Leo máa ń gba àlejò, ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta á fún yín, ẹ kọjá lára rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tó bá wà nílé, ó máa ń yọjú lójú fèrèsé ní aago méjìlá gbàdúrà pẹ̀lú èrò, ìyẹn ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ orúnkún. Òkúta dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ sójú títì wa, *sampietrini* là ń pè é, ó ń yí ọmọdé lẹ́sẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ni kí Màmá wọ̀, kì í ṣe bàtà ṣọ́ọ̀ṣì o. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican, wọ́n máa ń yá èèyàn ní àga onítáyà lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá tèmi kọ̀ ọ́ lọ́dún tí wọ́n wá, wọ́n ní àwọn kì í ṣe arọ. Kò tíì pé wákàtí méjì tí àwọn fúnra wọn fi ń bi mí pé níbo ni mo ní wọ́n ti ń gba àga yẹn.

Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin Leonardo Express láti pápákọ̀ Fiumicino gba ìṣẹ́jú 32, yúrò 14 ni fún ẹnì kan. Ṣùgbọ́n takisí funfun, iye kan ṣoṣo ni ìjọba dá fún un títí dé àárín ìlú, ti gbogbo ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti orí kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ẹrù àti orúnkún Màmá, takisí ni kẹ́ ẹ gbà. Ìta ni kẹ́ ẹ ti lọ tò fún un. Ẹni tó bá wá bá yín nínú gbọ̀ngàn tó ń sọ "takisí, takisí" létí yín, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ mú ìgò òfìfo lọ́wọ́. Ẹ̀rọ omi tó ń dà lójú títì lé ní 2,000, *nasoni* lorúkọ wọn, ìyẹn "onímú ńlá", omi wọn tutù, ó mọ́, ọ̀fẹ́ sì ni.

Aláwòrán

Gbogbo ayé á ní kẹ́ ẹ lọ wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Sistine nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican, kẹ́ ẹ sì lọ. Ọdún 1508 sí 1512 ni Michelangelo fi kùn ún. Àwọn kan ń sọ pé ó dùbúlẹ̀ ni, irọ́ ni, ìdúró ló wà tó yí ọrùn sókè. Ìdájọ́ Ìkẹyìn tó wà lára ògiri iwájú, nígbà tó ti dàgbà ló padà wá ṣe é, láti 1536 sí 1541. Wọn ò gbà kéèyàn ya fọ́tò níbẹ̀. Orí ìkànnì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà gan-an ni kẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì mú aago tó bá yá jù. Wọ́n máa ń tì í lọ́jọ́ Àìkú, àyàfi èyí tó kẹ́yìn oṣù, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀fẹ́ yẹn wọ̀ yín lójú: ìlà rẹ̀ dà bí ìlà ilé epo lásìkò tí epo wọ́n.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi, Caravaggio ni màá wá sí Róòmù torí rẹ̀. Àwọn àwòrán rẹ̀ ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní kó yà wọ́n sí, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀ láti wọlé. Mẹ́ta wà ní San Luigi dei Francesi, gbogbo wọn dá lórí Màtíù. Ẹ wo èyí tí Jésù ti ń pè é: àwọn èèyàn jókòó sídìí tábìlì wọ́n ń ka owó, Jésù dúró lápá ọ̀tún nínú òkùnkùn, ìka rẹ̀ nà, ìmọ́lẹ̀ sì tẹ̀ lé ìka náà. Ọkùnrin kan níbẹ̀ nàka bíi pé "ṣé èmi ni?" Iná ibẹ̀, owó ẹyọ ló ń jẹ. Tó bá tán, ó kú, àwòrán á wọlé sínú òkùnkùn. Ẹ kó owó ẹyọ sápò, ẹ má dà bí àwọn tó ń dúró kí ẹlòmíràn fi tiẹ̀ sí i.

Rìn díẹ̀ sí i, o ti dé Sant'Agostino. Màríà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, àwọn arìnrìnàjò méjì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà kọjú sí ọ, ó dọ̀tí. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn lọ jọ́sìn rí mọ ẹsẹ̀ yẹn. Méjì tún wà ní Santa Maria del Popolo, Pétérù tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò àti Pọ́ọ̀lù tó ṣubú sábẹ́ ẹṣin. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ.

Galleria Borghese, ilé àwòrán àti ère, náà ńkọ́! Wákàtí méjì péré ni wọ́n ń fúnni, láìgba ààyè sílẹ̀ ẹ ò ní wọlé. Bernini gbẹ́ Pluto tó ń gbé Proserpina sá lọ, ìka ọkùnrin náà wọ inú itan obìnrin yẹn lọ bí ẹní di ẹran mú. Òkúta ni o.

ÌyáÌbejì_Róòmù

Aláwòrán, orúnkún kan ni Màmá ní tó dá ṣáṣá. Ìwọ ti to ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì sílẹ̀ fún wọn. San Luigi àti Sant'Agostino ti tó, àwọn méjèèjì sún mọ́ Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ wo ihò tó wà láàárín òrùlé rẹ̀. Tójò bá rọ̀, inú ilé ló ń rọ̀ sí. Owó lèèyàn ń san kó tó wọlé báyìí.

Akọ̀wéÌtàn

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin ọdún 14 yẹn, torí gbogbo yín ti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ mú un lọ Colosseum. Ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ni ọba Titus ṣí i. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń ní orúkọ lórí àti aago tẹ́ ẹ ó wọlé, ẹ mú páásípọ́ọ̀tù dání. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń gbé yín wọ Forum, gbàgede ìlú Róòmù àtijọ́. Ibẹ̀ lẹ ó ti fi ẹnu ọ̀nà òkúta gìrìwò kan hàn án, ti Septimius Severus, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 203. Ọmọ Áfíríkà ni ọba yẹn, Leptis Magna ni wọ́n bí i sí, lórí ilẹ̀ tá à ń pè ní Líbíà lónìí. Ìlú York ló kú sí lọ́dún 211, kò sì jìnnà sí Manchester tẹ́ ẹ wà. Ó fi àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sílẹ̀, Caracalla àti Geta. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi pa àbúrò, tó sì ní kí wọ́n họ orúkọ rẹ̀ kúrò lára òkúta. Ẹ wo ìlà kẹrin nínú ohun tí wọ́n kọ sókè ẹnu ọ̀nà náà, ojú ihò àwọn lẹ́tà àtijọ́ ṣì ń hàn lábẹ́ èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá ní àbúrò nílé kò ní gbàgbé ìyẹn.

ÌyáÌbejì, ẹ̀yin náà gbójú fo ẹnì kan ní Santa Maria Maggiore. Antonio Manuel Ne Vunda, ikọ̀ tí ọba Kóńgò rán sí Póòpù. Ó kúrò nílé ní 1604, ó gba Bràsíl kọjá, àwọn jàgùdà orí omi jà á lólè, ó pẹ́ ní Sípéènì, ó sì dé Róòmù níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1608 pẹ̀lú àìsàn lára. Ọjọ́ mélòó kan péré ló lò. Póòpù Paul Karùn-ún fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn ikú. Wọ́n sin ín síbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ère orí àti àyà rẹ̀ sílẹ̀, òkúta dúdú ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú ibẹ̀.

Ohun kan tẹ́ ò ní rí: nítòsí Circus Maximus, pápá eré ẹṣin àtijọ́, òpó òkúta Axum wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gíga rẹ̀ tó mítà 24. Àwọn ọmọ ogun Mussolini ló kó o ní Ethiopia, wọ́n nà án ró ní Róòmù ní 1937. Ọdún 2005 ni wọ́n tó gbé e padà sílé.

Sùúrù_Lérè

Wọ́n dá odidi òpó mítà 24 padà, orí idẹ tí ò tó èèyàn gbé ló wá ń ṣòro fún àwọn kan ní London. Ẹ máa bọ̀.

Alásè

Mo ti ń retí kí wọ́n dé orí oúnjẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Màmá ò ní rí nǹkan jẹ, ẹ fetí sílẹ̀. Oúnjẹ Róòmù gidi, ṣàkì àti ìrù màlúù ni!

Àdúgbò Testaccio ni ilé ìpẹran ìlú wà títí di 1975. Àwọn alápatà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, inú ẹran ni wọ́n máa ń fún wọn mọ́ owó iṣẹ́ wọn: ṣàkì, ìfun, ẹ̀dọ̀, ìrù. Ẹran dáadáa ń lọ sílé àwọn olówó, èyí tó kù ni ìyàwó alápatà ń sè. Wọ́n pe gbogbo rẹ̀ ní *quinto quarto*, ìdá karùn-ún lára ẹran tí wọ́n ti pín sọ́nà mẹ́rin. Ẹ ní kí wọ́n fún Màmá ní *trippa alla romana*. Ṣàkì ni, wọ́n sè é nínú tòmátì, wọ́n fi ewé kan tó ń ta sánsán bí mẹ́ńtì sí i, wọ́n wá rọ́ wàràkàṣì àgùntàn lé e lórí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ rẹ̀ látijọ́. *Coda alla vaccinara* ni ìrù màlúù, wọ́n máa ń sè é pẹ́ títí ẹran á fi máa yọ kúrò lára egungun fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́ọ̀kì dẹ́rù bà yín.

Kì í ta bíi tiwa, mo gbà. Tí Màmá bá ń fẹ́ ata, *penne all'arrabbiata* ni kí wọ́n béèrè, pasta alátá ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "èyí tó ń bínú". Tiwa ni ìbínú gidi, àmọ́ ó dáa díẹ̀.

Ọmọkùnrin yín, *supplì* ni kẹ́ ẹ rà fún un: ìrẹsì tí wọ́n ṣù, tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú rẹ̀, tí wọ́n wá dín. Pízà náà, èyí tí wọ́n ń gé tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, ìdúró lẹ ó ti jẹ ẹ́. *Cacio e pepe* àti *carbonara*, pasta làwọn náà, gbogbo ilé oúnjẹ ló ní wọn. Ẹ lọ sí àdúgbò àwọn Júù nígbà kan, wọ́n há wọn mọ́bẹ̀ lọ́dún 1555, ẹ jẹ ewébẹ̀ tó ń jẹ́ àtíṣókì tí wọ́n dín títí tó fi là bí òdòdó.

ỌmọOlúyọ̀lé

Alásè, mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí Màmá lórí fóònù. Wọ́n ní, "Òyìnbó ń jẹ ṣàkì?" Wọ́n ní kí n tún un kà.

Ṣé a lè rí iṣu àti epo pupa rà níbẹ̀, tí nǹkan bá le?

ÌyáÌbejì_Róòmù

Ọjà Esquilino, ẹ̀bá Piazza Vittorio, ẹ̀yìn Termini. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilá, ata rodo, epo, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ará Bangladesh, ará Ṣáínà, ọmọ Nàìjíríà, gbogbo wa la ń ná ọjà níbẹ̀. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Kódà tẹ́ ò bá ra nǹkan, ẹ lọ wò ó, òun náà jẹ́ Róòmù.

Arìnrìnàjò77

Ẹ gba ìkìlọ̀ lẹ́nu ẹni tó ti jìyà ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì tó ń ti Termini lọ Vatican máa ń kún, ibẹ̀ làwọn ajáwọ́lápò ń ṣiṣẹ́. Àpò iwájú ni kí fóònù wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Colosseum, ẹnì kan á kí yín bí ará ilé, "Mama Africa!", á so okùn mọ́ Màmá lọ́wọ́ pé ẹ̀bùn ni, lẹ́yìn náà á béèrè owó. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó sápò, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn Piazza di Spagna, wọ́n ti fòfin dè é láti 2019, owó ìtanràn rẹ̀ ò kéré. Ní San Pietro, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Vatican, èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ, Màmá ò ní níṣòro, ọmọkùnrin yín ni kẹ́ ẹ ṣọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹja nílé oúnjẹ, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ *etto* síwájú iye rẹ̀. Gíráàmù 100 nìyẹn! Èmi rò pé yúrò 8 ni mo fẹ́ san lọ́jọ́ náà. Ẹja náà tó kílò kan ó lé. Mi ò ní sọ orúkọ ilé oúnjẹ yẹn, àmọ́ mo jẹ egungun rẹ̀.

ỌmọOlúyọ̀lé

Ẹ kú àtijọ́ o. A ti lọ, a ti dé. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Físà jáde lọ́sẹ̀ kẹta, BàbáÌwé, ẹ ṣeun. A gba takisí. Ọjọ́ kìíní, Santa Maria Maggiore: Màmá dúró síwájú òkúta FRANCISCUS, wọ́n ní "ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?" gẹ́gẹ́ bí ÌyáÌbejì ti wí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. A béèrè Ne Vunda, wọ́n sì fi ibi tó wà hàn wá. Màmá wò ó pẹ́. Wọ́n ní "ó wá láti ọ̀nà jíjìn wá kú sọ́wọ́ àlejò," wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un bíi pé àná ló kú.

Lóòótọ́ ni iná San Luigi ń jẹ owó. Màmá fi ẹyọ kan sí i, ó kú, wọ́n tún fi òmíràn sí i, wọ́n ní NEPA ti dé Róòmù.

Ọmọ mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Geta ju Colosseum fúnra rẹ̀ lọ. Ó ti ń fi halẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ pé òun máa họ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kẹrin la dé San Pietro. Apá ọ̀tún ni ère Michelangelo ti Màríà pẹ̀lú òkú ọmọ rẹ̀ wà, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Èmi fẹ́ dúró síbẹ̀. Màmá ti kọjá lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ibojì John Paul Kejì. Pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọ́n kúnlẹ̀ lórí òkúta, wọn ò jẹ́ kí n dì wọ́n mú. Wọ́n sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo gbọ́ díẹ̀: "Ẹ wá kí wa ní Ìbàdàn. Mi ò ríran rí yín dáadáa lọ́jọ́ náà, èrò pọ̀. Mo wá kí yín padà."

Èmi àti ọmọ mi la jọ gbé wọn dìde. Wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n sì bi mí pé ibo ni wọ́n ti ń ta ṣàkì yẹn.

Alásè

Wọ́n jẹ ẹ́?

ỌmọOlúyọ̀lé

Abọ́ méjì. Wọ́n ní ata ò tó, wọ́n ní wàràkàṣì orí rẹ̀ kò pọn dandan, wọ́n sì ní kí n bá àwọn béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin tó sè é pé ewé wo ló fi sí i. Ó kọ ọ́ sórí bébà fún wọn: *mentuccia*. Bébà náà ti dé Ìbàdàn.